Ọwọ́ Lára Páìpù

Ní Ṣíkà, ọyẹ́ ń la ètè.
Nọ́ọ̀sì Talatu fi ohun kan bíi gègé
tẹ ọrùn-ọwọ́ Bàbá mi.
Kò gún un. Ẹ̀jẹ̀ ò kán.
Lójú ẹ̀rọ, òkè kan yọ,
òkè kékeré tọ̀ ọ́ lẹ́yìn bí ọmọ tọ ìyá.

"Láti ọwọ́ níbí la ti ń ṣírò
bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ti ògiri nídìí ọkàn."
Mo fẹ́ bèèrè bó ṣe jẹ́. Bàbá ti rẹ́rìn-ín.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣọ́ omi ìjọba ní Sábó Zaria.
Lóru, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé páìpù ìta:
"Wọ́n ti tan ẹ́ńjìnnì. Omi ò tíì dé ilé Magaji."
Kò la irin kó tó mọ ohun tó ń sáré nínú rẹ̀.

"Òkè kejì yẹn," ó ní,
"èyí tó lọ kọlu òpin ni, tó ń padà bọ̀.
Bí páìpù bá ti gan, kì í pẹ́ dé."
Talatu dákẹ́. Ó tún un wò.
Ó kọ nǹkan sílẹ̀, kò kà á fún wa.

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, bí a ṣe ń lọ sílé,
Bàbá di ọrùn-ọwọ́ mi mú,
ó kọjú sí títì,
ó ń kà.