Ihò Kan Lára Fèrèsé

Ọdún tí èéyi mú mi ní Àjàṣẹ́,
ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí.
Wọ́n tì mí mọ́ yàrá òkè nínú ilé àgùdà àtijọ́ yẹn,
èyí tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà.
Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ kan ojú ẹni tí èéyi ń bá jà.
Fèrèsé onípákó, wọ́n pa á dé gbágbá.
Òkùnkùn jókòó tì mí
bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó lọ.

Ìkán ti jẹ ihò kan sára pákó náà,
kò ju hóró ọkà bàbà lọ.
Nígbà tí oòrùn àárọ̀ kọjú sí òpópónà,
ihò náà lanu,
ó pọ gbogbo àdúgbò sára ògiri mi.

Ẹ gbọ́ mi yé o, gbogbo àdúgbò,
àmọ́ ó dorí kodò.
Alùpùpù ń fi táyà tẹ àjà ilé.
Ìyá Serifátù ru apẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì,
lójú tèmi, apẹ̀rẹ̀ ló ru ìyá.
Ewúrẹ́ kan fẹsẹ̀ kọ́ òkè, ó ń jẹ bébà.
Ojú ọ̀run wà nísàlẹ̀, ó tẹ́ rẹrẹ, ó ṣe bí aró,
mo ní ọ̀sà ti ya wọlé,
mo ká ẹsẹ̀ mi kúrò nílẹ̀.

Mo ké. Màmá mi já wọlé,
ìmọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, ògiri funfun báláú.
Ó fọwọ́ kàn mí níwájú orí.
“Ibà ló ń bá ọmọ mi sọ̀rọ̀.”

Àǹtí Moníkà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín,
ẹni tó ń fọ fọ́tò ní Àjàrá,
tí òórùn oògùn fọ́tò kì í kúrò ní ìka rẹ̀.
Ó sùn tì mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wo ògiri títí.
Ó ní: “Ìmọ́lẹ̀ kò mọ bí wọ́n ti ń yà sọ́tùn-ún.
Èyí tó ti orí ìyá oníbúrẹ́dì wá, ilẹ̀ ló ń lọ.
Èyí tó ti ẹsẹ̀ rẹ̀ wá, òkè ló ń lọ.
Ẹnu ihò ni wọ́n ti ń kọjá lára wọn,
wọn kì í kíra, bí ọmọ tí a kò kọ́.”

Ó wá fi ìka kan ìpéǹpéjú mi.
“Ihò kan náà ló wà níbí.
Orí kodò ni gbogbo wa ń bá wọ inú ojú rẹ,
èmi, ìyá rẹ, ewúrẹ́.
Ọpọlọ ló ń gbé wa dìde lóòró,
kò sì gba kọ́bọ̀.”

Lọ́jọ́ tí òṣùpá bu oòrùn jẹ,
gbogbo ọmọ ilé-ìwé ń dọdẹ awò dúdú láti fi wòkè.
Èmi wo ilẹ̀ lábẹ́ igi fúrúntù.
Gbogbo àlàfo àárín ewé ti di ihò,
oòrùn tín-ín-rín kún ilẹ̀ lọ súà, gbogbo wọn tẹ̀ kọrọdọ,
bí ẹni gé èékánná sílẹ̀ tí kò gbá a.
Mo rọra ń gbẹ́sẹ̀. N kò fẹ́ tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀.

Wọ́n ti wó ilé àgùdà náà. Gíláàsì ni fèrèsé wa báyìí.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi páálí dí i,
mo fi bírò lu ihò kan, nítorí ọmọ mi.
Màmá mi tẹ̀ lé wa wọlé, ó ní òun ń wá ìgò àǹdó òun.
Ó rí òpópónà lára ògiri.
Ó fàtẹ́lẹwọ́ nu ún, bí ẹni nu eruku;
alùpùpù kan gba ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.
“Ṣé ohun tí o rí lọ́jọ́sí nìyí?”
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.
Kò bẹ̀ mí o.
Ó kàn fà àpótí kan, ó jókòó,
ó ní kí ẹnikẹ́ni má tíì ṣílẹ̀kùn.