Ojú Tó Ń Sùn Lábẹ́ Ewé

Àárọ̀ Ọjọ́rú, mo wọ akùrọ̀ Baba Odùbẹ̀là
lẹ́yìn Ògbèrè, níbi tí omi ti ń yọ́ lọ sódò Ọ̀ṣun.
Ẹrẹ̀ mù mí dé orókùn. Mo di ìwé mọ́ àyà.
Iṣẹ́ tí wọ́n rán mi kò ju kí n kà lọ:
ìdí ìrẹsì kan, ọmọ mélòó ló yọ?

Ní abala tí a bu ajílẹ̀ sí, mẹ́tàlélógún.
Mo tún un kà. Mẹ́tàlélógún,
wọ́n dúró ṣùṣù bí ọwọ̀ tuntun.
Ní abala tí a kò fún ní nǹkan kan, mẹ́rin.
Irúgbìn kan náà ni o,
inú àpò kan náà la ti bù wọ́n,
ọjọ́ kan náà la tú wọn gbìn.

Baba ní, "Ẹni tébi ń pa, ṣé ó ń gbàlejò ni?"

Mo fẹ́ fi ẹ̀kọ́ iléèwé dá a lóhùn,
pé ojú kan wà níbi tí ewé kọ̀ọ̀kan ti gbá igi mọ́ra,
kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ,
ibẹ̀ lọmọ ń gbà jáde.
Pé gbòǹgbò ló ń tọ́ ilẹ̀ wò:
bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá wọ́n, á po oje kan,
oje á máa gòkè, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni tó gbé ìròyìn burúkú lọ́wọ́,
á dé ẹnu ọ̀nà ojú kọ̀ọ̀kan, á ní:
Má tíì là.

Ta ló kọ́ gbòǹgbò? Jíìnì ni,
ogún tí a ká mọ́ inú hóró.
Ọ̀kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa wí pé rárá.
Òmíràn ni etí tí ó ń gbọ́ oje.
Bí etí yẹn bá di, ìrẹsì á máa bí, á máa bí,
á di aràrá láàárín ọmọ.

Gbogbo èyí wà lẹ́nu mi. Ohun tí mo sọ ni pé,
"Ìrẹsì yín ń ṣe bí Ìjẹ̀bú, Baba.
Ó ń kawó kó tó ná an."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Ọdún tí ilé ìlagi bàbá mi kógbá sílé
ni ìyá mi bí mi. Kò bí òmíràn mọ́.
Àwọn ará ilé ọkọ ní inú rẹ̀ ti gbẹ.
Kò sẹ́ni tó bi í léèrè
ohun tó rí jẹ lọ́dún náà.

Baba bẹ̀rẹ̀, ó fi èékánná dúdú ya ewé kan sẹ́yìn
lára ìdí tó yọ mẹ́rin.
"Wò ó." Ojú náà rèé, tútù yọ̀yọ̀, kò kú.
"Bí a bá bu ajílẹ̀ sí i lónìí ńkọ́?"
"Á jí. Àmọ́ ìgbà ti lọ, ewé lásán ni yóò jẹ́.
Àwọn mẹ́tàlélógún yẹn náà,
gbogbo wọn kọ́ ni yóò so. Wọn á jà sí oòrùn."

Mo kọ ọ́: abala kejì, ìlà kẹfà, mẹ́rin.
Ìwé náà kò fi àyè sílẹ̀ fún ojú tó ń sùn.
Mo fi bírò tọ àmì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́,
kò tóbi ju orí abẹ́rẹ́ lọ.