Imú Tuntun fún Súbárù

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ooru ń bímọ ní Port Augusta.
Àwọn ajá wọ abẹ́ ọkọ̀,
wọ́n na ahọ́n sílẹ̀ bí aṣọ tí a sá.
Dígírì mẹ́rìnlélógójì lára ògiri;
lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì Súbárù mi,
ooru ti kúrò ní ohun tí à ń kà.

Vlatko, àbúrò bàbá mi, jókòó sẹ́nu ọ̀nà gáréèjì,
rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ihò imú rẹ̀ méjèèjì,
àgbá ọ́síjìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀
bí ọmọ tí kì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dá rìn.
Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi jó irin pọ̀ ní Whyalla;
èéfín irin náà kò tíì kúrò láyà rẹ̀.
Ó ní, "Jelka, ooru ikùn ara rẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ ń fà símú.
Ta ní í yó nípa bẹ́ẹ̀?"

Òótọ́ ni. Tọ́bò a fa afẹ́fẹ́, a fún un pọ̀,
a tì í wọ inú ẹ́ńjìnnì;
èyí tó bá gbóná dà bí àpò gúgúrú,
ó fẹ̀ lójú, ó fúyẹ́ lọ́wọ́.
Èyí tó tutù ló ní ìwọ̀n.

Mo kọ́kọ́ lo páìpù funfun tí òjò ń gbà sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé,
dọ́là mọ́kànlá; ọwọ́ mi yá ju ọgbọ́n mi lọ.
Mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́, mo tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀.
Vlatko wò ó, kò wí nǹkan kan,
ó mu omi.
Kí n tó dé Stirling North, páìpù ti rọ̀ bí àbẹ́là etí iná,
tọ́bò fà á mọ́ra, ó tẹ̀ pẹrẹsẹ,
ọkọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.
Ọkọ̀ ńlá kan tó kó àgùntàn kọjá lára mi.
Gbogbo àgùntàn náà ló yíjú wò mí.

Quang tó ń gbin tòmátì ló fún mi ní páìpù kejì,
alumíníọ́mù tó fi ń bomi rin oko, fífẹ̀ rẹ̀ tó ìka mẹ́rin.
Mo gbé e gba ẹ̀yìn iná iwájú lọ sí kọ̀rọ̀ bọ́ńpà,
níbi tí ooru ẹ́ńjìnnì kò dé.
Ó wá ku ohun tí yóò dí ojú ooru.
Ọjọ́ méjì ni Vlatko fi ronú,
kó tó gbé páànù tí Nada fi ń yan búrẹ́dì wá,
èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ ìsìnkú.
Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí i.
"Gé e. Búrẹ́dì náà ti tán."
Mo gé e. Igun kan ṣì dúdú, níbi tí ìyẹ̀fun ti jóná rí.

A ṣíná. Ẹ́ńjìnnì ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí.
Ojú kékeré kan wà tó ń ka afẹ́fẹ́ tó ń wọlé;
afẹ́fẹ́ tó bá yọ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, olè ni.
Mo wá olè náà títí, n kò rí i.
Vlatko pa àgbá rẹ̀, ó yọ rọ́bà kúrò nímú,
ó tẹ orí ba, ó di èémí tirẹ̀ mú.
Ẹni tí nǹkan ti ń sín "ṣíì" létí rẹ̀ lóru fún ọdún mẹ́rin
mọ ohùn ihò.
Ó nàka. Béélì kejì, lábẹ́.
Mo yí síkúrù ní ìlàjì. Ó dákẹ́.

Dígírì mọ́kànléláàádọ́rin ni lánàá lẹ́nu páìpù;
lónìí, àádọ́ta ó lé díẹ̀.
Agbára ńkọ́? Bóyá ẹṣin mẹ́ta,
bóyá etí mi ló ń purọ́ fún mi.

Lálẹ́, mo fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òun àti àgbá rẹ̀.
Ó ní kí n sọ fèrèsé kalẹ̀.
Ó yọ ojú sínú atẹ́gùn òkun, ó lanu,
kò sọ̀rọ̀ títí a fi gun afárá.
Lẹ́yìn náà ló béèrè
bóyá mo ti san owó páìpù fún Quang.