Ọjọ́ Kejìdínlọ́gbọ̀n

Alum dé kí ìrì tó gbẹ lórí koríko abàtà,
ẹsẹ̀ ló fi rìn láti etí adágún Kwania.
Abeja, ọmọ ọdún mẹ́rin, ń gbọ̀n lẹ́yìn rẹ̀
bí ewé tí atẹ́gùn kankan ò fẹ́ sí.

Nọ́ọ̀sì Ogwang wọ̀n ọ́n: kílò mẹ́tàlá.
Ó gún un ní ọmọ-ìka.
Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, dígí kan, nọ́ńbà kan.
Kò sí orúkọ lára dígí;
lọ́dọ̀ mi, nínú yàrá ẹ̀yìn,
Mẹ́rìnlélọ́gọ́fà ni ọmọ náà ń jẹ́.

Iṣẹ́ mi ò ju ojú lọ.
Mo pa dígí láró, mo ṣàn án,
mo gbé ojú lé maikiroskóòpù:
òrùka ni mo rí.
Òrùka wẹ́wẹ́, olókùúta pupa kọ̀ọ̀kan,
òrùka lórí òrùka.
Ta ló wá gbé ọmọ níyàwó
tí eyín rẹ̀ kò tíì ká?

Níta, Alum ń bi Ogwang:
“Ṣé ọmọ mi lẹ fẹ́ fi dán oògùn wò?”
Ogwang ò purọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.
Ó ní méjì-méjì la so oògùn pọ̀ nínú àpòòwé,
ọ̀kan a máa sáré pa, a sì tètè jáde nílé,
èkejì a máa falẹ̀, a sì jókòó ṣọ́nà.
Ọwọ́ ọmọdé, ọwọ́ àgbà; pẹpẹ àti kèrègbè.
“Ṣùgbọ́n oríṣi àsopọ̀ mẹ́ta ló wà,
èmi gan-an ò mọ èyí tó máa kàn án.”

Alum wolẹ̀ títí.
Lẹ́yìn náà ó wò mí lójú fèrèsé, bí ẹni pé èmi mọ̀.

N ò mọ̀. Oògùn funfun kan ṣoṣo ni mo mọ̀,
èyí tí wọ́n ń fún wa ní kékeré,
tí kíkorò rẹ̀ ń bá wa sùn di àárọ̀.
Àbúrò mi Okori lò ó pé, kò ku ẹyọ kan.
Ibà ti mọ ọ̀nà oògùn náà tipẹ́.
Abẹ́ igi òrí la sin ín sí.

Alum tẹ ìka.
Wọ́n lọ oògùn sínú omi ṣúgà,
Abeja mu ún, ó bì í sí Ogwang láṣọ.
Wọ́n tún un lọ̀. Wọ́n ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó dúró.

Ọjọ́ kẹta, òrùka mẹ́rin péré.
Ọjọ́ keje, dígí mọ́ kedere.
Ọjọ́ kẹrìnlá, wọn ò yọjú. Òjò ti gbé afárá lọ.
Ogwang ti kẹ̀kẹ́ la ẹrẹ̀ kọjá,
ó bá Abeja lórí igi máńgòrò,
ó pè é, ó ní kó wá gba abẹ́rẹ́;
ọmọ dáhùn láti òkè pé òun ò sí nílé.

Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.
Ó ku díẹ̀ kí n kọ òdo
ni mo rí i ní igun dígí: òrùka kan,
ó jókòó bí àlejò tó mọ ibi tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ sí.
Ṣé èyí tó sá pamọ́ ni, àbí ẹ̀fọn mìíràn ló gbé tuntun dé?
Wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí bébà, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí Kampala,
a ó ti kórè ọkà bàbà kí èsì tó dé.

Ó wù mí kí n kọ òdo.
Mo kọ ení.

Níta, Abeja ń fi ìka tí a gún
ya òbìrìkìtì sínú eruku,
òbìrìkìtì lórí òbìrìkìtì.
Ogwang ń wá oògùn mìíràn tí ìwé ní ká fún un.
Alum na àpò yànmọ̀tí kékeré sí mi lójú fèrèsé:
“Ṣé ó ti tán?”

Ọwọ́ aláró ni mo fi gbà á.