Lẹ́tà P

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo rà á ní Sábó,
ní Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí, lọ́wọ́ Gbádégẹṣin.
Owó búlọ́ọ̀kù ọ̀sẹ̀ méjì ni mo kà sílẹ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí. Bátìrì kẹta ló wà níkùn rẹ̀;
bó bá ti wú bí ẹ̀wà inú omi, màá yọ ọ́ dànù.
Rédíò rẹ̀ kì í béèrè dátà.
Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì gbà lálẹ́ ọjọ́ tí iná lọ,
tó fi rán àtẹ́lẹsẹ̀ Jógbádé.
Kámẹ́rà nìkan ló ti darúgbó:
ẹni tí mo bá yà, ọyẹ́ á bò ó.

Ó já sínú sìmẹ́ǹtì pípò lọ́dún kẹfà.
Láti ìgbà náà, igun òkè lápá ọ̀tún kò gbọ́ ìka mi mọ́.
Lẹ́tà P kú.
Ta ló mọ iṣẹ́ tí lẹ́tà kan ń ṣe, kó tó kú?

Nígbà tí Tinúadé bímọ ní Kútọnu,
"kú ewu ọmọ" kò ni mí lára.
Nígbà tí ọmọ náà kò dúró,
mo jókòó lórí búlọ́ọ̀kù àná, mo ń tẹ gíláàsì,
"ẹ̀lẹ́" ló ń jáde.
Ẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ẹ̀lẹ́.
Mo pa á rẹ́, mo pè é.
Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ nínú wa.
Owó ìpè ń jó. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Gbádégẹṣin ní kí n mú un wá,
kí n fowó lé e, kí n gba tuntun.
Mo ní: ṣé ẹ̀yìn tuntun náà ń ṣí?
Ó rẹ́rìn-ín.