Ohun Tí Gìtá Náà Wí ní Hull

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni. Òjò Hull ń rọ̀ ní ìbú
bí aláìsàn tó ń wá ẹni tí yóò fara tì.
Àwa mẹ́fà jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Clive Ombler,
láàárín àwo àtijọ́ àti òórùn bàtà tútù.
Òfin kan ló wà: a ó gbọ́ àwo kan tán,
ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yanu kí abẹ́rẹ́ tó gbéra.

Clive fi páálí rẹ̀ hàn wá.
Ọkùnrin kan dúró lórí bàtà tó ga bí àpótí ìdáná,
ó lé tìróò, ó kun ètè, ó wọ ṣòkòtò fàdákà,
ó da nǹkan dídán sí ìpéǹpéjú,
ó sì pọn kábéèjì kan bí ẹni pọn ọmọ.
"Ọdún 1974," ni Clive wí. "Igba péré ni wọ́n rí tà."
Ó gbé e sí i.

Kí la ò gbọ́ tán?
Dùùrù tí wọ́n da owó wẹ́wẹ́ sí nínú.
Ẹ̀rọ agbálẹ̀ tó ń gbe orin.
Pẹ́pẹ́yẹ.
Ọmọdé kan tó ń ka ogún padà sí oókan, tó gbàgbé eéje.
Ìlù ń tiro bí ẹni tí bàtà òsì rẹ̀ sọnù,
ohùn ọkùnrin náà ga bí ti ìyàwó tuntun,
ó tún já wálẹ̀ lójijì, ó dún láti ìsàlẹ̀ kànga.

Abẹ́rẹ́ gbéra. A dákẹ́.

Gareth tó ń tún páìpù omi ṣe ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀:
"Irú ariwo yìí ni mo ń bá lábẹ́ síńkì.
Owó ni wọ́n ń san fún mi kí n pa á lẹ́nu mọ́."
Nasreen, akẹ́kọ̀ọ́ fásitì, mi orí:
"Ẹ̀rù bà wọ́n ni.
Ibi tó yẹ kí wọ́n ya wèrè dé, wọn ò dé ibẹ̀."
"Wèrè wo ló tún kù?" Clive fẹ́rẹ̀ẹ́ da tíì rẹ̀ nù.
Colin, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹja pípa,
ní ẹ̀gbẹ́ kejì dáa gan-an, òun sun oorun gidi.

Winifred Oldroyd, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, kò dárúkọ orin.
"Àbúrò mi Leonard ní irú bàtà yẹn.
Bàbá wa fi àáké gé gìgísẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.
Ó wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ibùdó rélùwéè."
Kẹ́tùlù hó. Kò sẹ́ni tó dìde lọ pa á.

"Ìwọ ńkọ́, Ariyike?"
Wọ́n pe orúkọ mi ní pẹrẹsẹ,
bí ẹni rin ilẹ̀ tí kò lókè, tí kò ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.
Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?
Nínú orin kẹta, onígìtá fa okùn kan, kò jọ̀wọ́ rẹ̀,
ó ń tẹ̀ ẹ́ gòkè díẹ̀díẹ̀:
*ọkọ̀*, ni okùn wí.
Ó le sí i: *ọkọ*.
Ó tún le, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já: *ọkọ́*.
Ọkọ̀ tó gbé mi wá. Ọkọ tó kù sílé.
Ọkọ́ bàbá mi tó ń dípẹtà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Onígìtá ò mọ̀ pé òun wí nǹkan kan;
bóyá kábéèjì ló ń rò.

Mo ní, "Ó dáa. Pẹ́pẹ́yẹ yẹn nìkan ni ò tẹ́ mi lọ́rùn."
Gareth rẹ́rìn-ín. Clive kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀:
Gbà, méjì. Kọ̀, ẹyọ kan. Sùn, ẹyọ kan.
Nasreen ní kó fi tòun sí àárín.
Winifred ní kó má kọ tòun.

Èmi pẹ̀lú rẹ̀ dúró de bọ́ọ̀sì ní òpópónà Holderness.
Ó ń kùn ún lẹ́nu, okùn gìtá yẹn,
kò lè gòkè tó. Orí *ọkọ̀* ló ń dúró sí,
á mí, á tún bẹ̀rẹ̀.
Mi ò tún un ṣe.