Ìràwọ̀ Márùn-ún

Èmi ni mo kọ mákírò ọ̀hún,
ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ onípákó, l'Átìkórí, n'Ìjẹ̀bú-Igbó,
níbi tí ìyẹ̀fun pákó ti ń kún inú kíbọ́ọ̀dù
tí a fi ìyẹ́ adìẹ ń gbọ̀n ọ́n láràárọ̀.
Ìṣirò ẹgbẹ́ wà nínú Ẹ́sẹ́lì:
ta ló yáwó, ta ló san èlé, ta ló sá lọ Kútọnu.
Mo fi fọ́ọ̀mù kékeré kan ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀,
orúkọ lókè, ọ̀rọ̀ ìwọlé nísàlẹ̀,
bọ́tìnnì kan tí mo kùn ní àwọ̀ ewé.
Ohun kan péré ni mo gbàgbé:
mi ò bo ojú ọ̀rọ̀ náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Alàgbà Ọ̀nàfowókàn, akápò wa, jókòó.
Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀wé,
bí ẹni ń wá ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ.
Lẹ́tà ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tóbi, ó dúdú.
Múfútáù tó wá gba rìsíìtì ló kà á sókè:
"Àwẹ̀ró! Bàbá, ta ní ń jẹ́ Àwẹ̀ró?"

Ìyàwó Alàgbà wà lórí bẹ́ǹṣì,
kúlà ìkọ́kọrẹ́ lórí itan rẹ̀.
Mọpẹ́lọ́lá lorúkọ tirẹ̀.
Wọ́n múná lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ayùn ńlá ìta dákẹ́,
ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà mi ní bátìrì.
Orúkọ yẹn ò kú.

"Ọkọ̀ ni," Alàgbà wí. "Ọkọ̀ mi àkọ́kọ́,
Bẹ́dífọ́ọ̀dù tó ń kó gẹdú bọ̀ láti igbó J4."
Ìyá ò wò ó.
"Ọkọ̀ wo ló ń jẹ́ oríkì?"

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo tún un ṣe.
Ìlà kan ni, kò gùn ju ìka lọ:
kí àpótí yẹn máa fi ìràwọ̀ dípò lẹ́tà,
bíi ti Agẹmọ lábẹ́ ẹní,
a mọ̀ pé nǹkan ń mì,
a ò gbọdọ̀ sọ pé ẹsẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ kejì Alàgbà tẹ lẹ́tà kan, ó fò sókè.
"Ẹ̀rọ yìí ti jẹ ẹ́!"
Mo ní kò jẹ ẹ́, sà, ó bò ó ni.
Ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì ń pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, á, wí...
Mo wúkọ́. Mo wúkọ́ títí ó fi gbọ́.

Ìyá na ìka sí ojú ẹ̀rọ láti orí bẹ́ǹṣì,
bí ẹni ń ka ẹyin lábẹ́ adìẹ:
ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún.
Ó gbé kúlà rẹ̀, ó relé.
Mi ò ro ìyẹn. Mo bo orúkọ,
mi ò bo gígùn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Alàgbà fi mu gààrí lọ́sàn-án.
Ó wá pè mí: "Ọmọ Ọ̀ṣíbọ̀dù,
báwo ni wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀?"
Mo ṣí ibẹ̀ fún un, mo kọjú sí ògiri,
mo ń ka kàlẹ́ńdà ìsìnkú ẹnì kan tí mi ò mọ̀ rí.

Mo lè mọ̀ ọ́n bí mo bá fẹ́.
Ojú ewé kan wà tí mo fi pa mọ́ nínú ìwé náà,
gbogbo ọ̀rọ̀ ìwọlé ẹgbẹ́ tò síbẹ̀ láìláṣọ lára.
Ẹni tó rán ìbòjú kúkú mọ ojú.
Mi ò ṣí i. Mi ò tíì ṣí i dòní.

Ìyá tún wá, kúlà lọ́wọ́.
Alàgbà ń tẹ̀ ẹ́, ìràwọ̀ ń jáde,
ìyá ń kà... mẹ́fà, méje, mẹ́jọ.
Orúkọ tó ní lẹ́tà mẹ́jọ pọ̀ n'Ìjẹ̀bú.
Ọkọ̀ mìíràn náà lè ní in.
Ṣùgbọ́n bàbá ò mọ bí wọ́n ṣe ń panu mọ́ tẹ̀wé:
ètè rẹ̀ pàdé fún èkíní, ó ṣí,
ó tún pàdé fún ẹ̀kẹta.

Ìyá ṣí kúlà.